Paulin Soumanou Vieyra: Ọmọ Àjàṣẹ́ Tó Ń Gba Owó Oṣù, Tó Sì Ń Ya Fíìmù

Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, olùkọ́ wa kan sọ ọ̀rọ̀ kan nínú kíláàsì àkọtọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ó ní ìjọba orílẹ̀-èdè kan ti fòfin de fíìmù rí nítorí lẹ́tà d kan ṣoṣo. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ibi tí mo ti ń wá fíìmù ọ̀hún kiri ni mo ti pàdé orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Paulin Soumanou Vieyra. Àwọn tó ń kọ́ nípa sinimá ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àwa tí ilé wa kò jìnnà sí ìlú tí wọ́n ti bí i ni a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Ajah ni ilé wa. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì dáwó jọ, a yá kámẹ́rà fún ọjọ́ kan, a sì gbé e lọ sí etí òkun ní ìdájí láti ya àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni mo ń wá: orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ẹja, orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbì àti afẹ́fẹ́, kí ilé alájà tó gba gbogbo etíkun náà tán. A ò tíì yà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn géńdé kan fi yọ sí wa. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó fún wa láṣẹ, wọ́n fẹ́ rí ìwé, nígbà tó sì yá, wọ́n fẹ́ rí owó. A kó owó ọkọ̀ tí à bá wọ̀ padà fún wọn, a sì fẹsẹ̀ rìn jáde sí títì. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ohun tí a yà, afẹ́fẹ́ ló ń hó nínú rẹ̀. Ẹnu baba tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí ránṣẹ́ sí mi pé tí mo bá ti parí ìdánwò, kí n wá máa gé fídíò àwọn tó ń ta ilé fún wọn. Owó oṣù wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì gbà pé tí mo bá lọ, ó ti parí nìyẹn, n kò ní ya fíìmù ara mi mọ́ láyé. Bàbá mi ní tirẹ̀ gbà pé tí n kò bá lọ, orí mi ò pé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ti dúró ní oríta yìí rí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi padà sọ́dọ̀ Vieyra, nítorí òun náà dúró níbẹ̀, kì í sì ṣe fún ọjọ́ kan.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1925. Dàhòmì ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, abẹ́ àwọn Faransé ló sì wà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Badore lẹ́bàá ilé wa, tó tọ ọ̀sà gba Èkó kọjá, tó gba Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ ni yóò já sí. Omi kan náà ni.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ojú àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè. Paulin jẹ́ orúkọ àwọn Faransé. Vieyra jẹ́ orúkọ Potogí, irú èyí tí àwọn Àgùdà gbé ti Brazil bọ̀, bí da Rocha àti Campos tí a mọ̀ ní Èkó. Soumanou tó wà láàárín ńkọ́? Ẹ bọ́ ẹ̀wù àkọtọ́ Faransé kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ wá kà á sókè. Sùmọ́nù ni. Sùmọ́nù bíi ti bàbá àgbà ẹni, Sùmọ́nù tí wọ́n ń pè ní gbogbo ìsọmọlórúkọ Mùsùlùmí láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìlọrin. Mo jókòó ti orúkọ yẹn fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ tí mo rí i. Ìtàn etíkun wa pé sínú rẹ̀.

Ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kejì sì bá a. Nígbà tó ṣe, ó wọ IDHEC, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kàwé jáde níbẹ̀, lọ́dún 1955. (Ọlá Balógun tiwa náà kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kó tó padà wálé wá darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976.)

Ohun tó wà lọ́kàn Vieyra nígbà tó jáde ni pé kó padà sí Áfíríkà kó sì ya àwọn èèyàn ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé. Mo ti gbìyànjú láti wá orúkọ Yorùbá fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀, èyí tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yà. Gbogbo orúkọ tí mo ṣẹ̀dá ló gùn ju oríkì lọ. Dọ́kúmẹ́ńtárì ni màá máa pè é o, kí olùkọ́ wa nínú mọfọ́lọ́jì jọ̀wọ́ forí jì mí.

Àṣẹ ni kò rí gbà. Lọ́dún 1934, Pierre Laval, tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, gbé òfin kan jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù tàbí kí ó gba ohùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn ní Áfíríkà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ yà sílẹ̀ kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ òun náà wò.  Ọmọ ilẹ̀ tó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n dí lọ́nà. Nígbà tí mo ka èyí, àwọn géńdé etí òkun ló wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìjọba, owó jíjẹ lásán ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi wá kò yàtọ̀ sí ti Laval.

Ohun tí Vieyra ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó ya Áfíríkà ní Áfíríkà, ó bá yà á ní Paris. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan, gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro Paris lọ́dún 1955, lábẹ́ àbò ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí fíìmù nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìlú náà: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́, àwọn tó jókòó ní ilé ọtí, àwọn tó ń fẹ́ ara wọn. Afrique-sur-Seine ni wọ́n pe fíìmù náà. Seine ni odò tó la Paris já. Kò ju ìṣẹ́jú 21 lọ. Àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ nínú odò ní Áfíríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó gbé wa dé Paris tí òtútù ti mú.

Orí fóònù ni mo ti wò ó, nínú ọkọ̀, ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Jákàǹdè. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Asọ̀tàn kan ṣoṣo ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní Faransé tó jọ ewì. Àwòrán wà, ẹnu ń mì, ohùn kò sí. N kò lè sọ pé inú mi dùn, ṣùgbọ́n ara tù mí díẹ̀. Fíìmù yìí náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sinimá ń kà sí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn yà.

Láti ibí ni ọ̀rọ̀ owó oṣù ti wọlé. Vieyra kó lọ sí Dakar. Nígbà tí Senegal gba òmìnira lọ́dún 1960, ó di ọ̀gá níbi tí ìjọba ti ń ṣe fíìmù ìròyìn, èyí tí wọ́n ń fi hàn ní ilé sinimá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé tẹlifíṣọ̀n kò tíì dé ilé àwọn èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tẹ̀ lé Ààrẹ Senghor kiri, kí ó ya ibi tí wọ́n ti ń ṣí afárá, ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ibi tí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá yà á tán, Paris ni wọ́n ń fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Òmìnira ti dé, àwòrán òmìnira ṣì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àná.

Èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ mi yóò tọ́ka sí, n kò sì ní jiyàn. Ẹni tó ń ya ààrẹ lójoojúmọ́ kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nípa ààrẹ. Fíìmù rẹ̀ Une nation est née, ti ọdún 1961, jẹ́ fíìmù ìyìn fún orílẹ̀-èdè tuntun. Ó dára láti wò, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó tún ṣe láàárín àwọn ọdún tó ń gba owó yẹn. Lọ́dún 1963, ó ya Lamb, dọ́kúmẹ́ńtárì oníṣẹ́jú bíi 18 nípa ìjàkadì. Làmb ni àwọn Wolof ń pe ìjàkadì. Nínú rẹ̀, a rí àwọn oníjàkadì tó ń gbára dì, oògùn lápá, oògùn lọ́rùn, ìlù ń dún, èrò kún pápá. Kò fi oògùn náà ṣẹ̀sín. Lọ́dún 1966, ó ya Môl, orúkọ Wolof mìíràn, apẹja ló túmọ̀ sí. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan ni, tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ rẹ̀ tó sì ń wá owó rẹ̀ kiri. Ó ní òṣèré nínú, ṣùgbọ́n òkun, àwọ̀n àti ọkọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe eré. Nígbà tí mo kà nípa ọmọkùnrin yẹn, mo rẹ́rìn-ín, torí pé mo mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, tèmi ni máíkì.

Ẹni kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ìtàn yìí ni Ousmane Sembène, ọmọ Senegal, tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille, tó kọ ìwé ìtàn, tó sì wá di olùdarí fíìmù. Sembène ni gbogbo ayé mọ̀. Òun ni àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ jọ, torí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ó ní ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, ó ń sọ ohun tó wù ú. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tí Sembène ń ṣe Xala, tó jáde lọ́dún 1975, àti Ceddo, tó jáde lọ́dún 1977, Vieyra ló ń bá a bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà nídìí irú iṣẹ́ yẹn ló ń wá ọkọ̀, òun ló ń mọ ibi tí èèyàn ọgọ́rùn-ún yóò ti jẹun nínú abúlé, òun ló ń ka iye rólù fíìmù tó kù, òun ló ń lọ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá. Ògbólógbòó òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí wọ́n kàn. Lójú tèmi, ẹni tó dá dúró yẹn rí ẹ̀yìn fi ti ni, ẹ̀yìn ọ̀hún sì ti gba owó oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ceddo ni fíìmù tí olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dá lórí àwọn ará abúlé tí kò gbà kí wọ́n fi ipá yí àwọn lẹ́sìn padà, òwò ẹrú sì wà nínú rẹ̀, àlùfáà Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì wà nínú rẹ̀. Ìjọba Senghor kò jẹ́ kí wọ́n fi í hàn ní Senegal. Ìdí tí wọ́n sọ fún aráyé ni pé wọ́n ti ṣe òfin àkọtọ́ fún èdè Wolof, pé d kan ló yẹ kó wà nínú orúkọ náà, Sembène sì kọ méjì. Senghor fúnra rẹ̀, ẹ má gbàgbé, onímọ̀ gírámà ni, ó gboyè nínú rẹ̀ ní Paris. Sembène kọ̀, kò yọ d kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni fíìmù náà fi wà láìjáde ní ilé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé d kọ́ ló ń dun ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú rẹ̀ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó wú mi lórí pé àkọtọ́ ni wọ́n rí fi bojú. Ní tiwa, Ògúnǹdé gbé Aiye jáde lọ́dún 1979, i àtijọ́ wà láàárín rẹ̀ lẹ́yìn tí àkọtọ́ òde òní ti dé, kò sì sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ èyí ń gbé Ajah, tí h kan jókòó sí ìparí rẹ̀ láìníṣẹ́, mo sì ń gba Lẹ́kkí oní-k-méjì kọjá lójoojúmọ́.

Vieyra kò sọ pé iṣẹ́ Ceddo ti pọ̀ jù fún òun láti gbé kámẹ́rà ara òun. Bí Sembène ṣe ń ya fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni Vieyra ń ya Sembène. Dọ́kúmẹ́ńtárì tó ti ibẹ̀ jáde ni L'envers du décor, lọ́dún 1981. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí Sembène ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí, iṣẹ́ Vieyra ni yóò wò.

Ó ń kọ̀wé pẹ̀lú. Le Cinéma et l'Afrique jáde lọ́dún 1969, ìwé nípa Sembène lọ́dún 1972, ìtàn sinimá Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 1973 lọ́dún 1975, ti Senegal nìkan lọ́dún 1983. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ka àwọn olùdarí fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tó kọ ohun tí oníkálukú yà sílẹ̀, òun ni. Ó wà lára àwọn tó dá FEPACI sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Dakar. Ìyàwó rẹ̀, Myriam Warner-Vieyra, ọmọ Guadeloupe, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, òun náà sì ń kọ ìtàn àròsọ. Juletane, ti ọdún 1982, ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ilé olówó oṣù méjì ni ilé wọn o, tí oníkálukú ń jí àkókò lò.

Fíìmù gígùn tirẹ̀ kan ṣoṣo, En résidence surveillée, ọdún 1981 ló jáde. Ọmọ ọdún 56 ni. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ilẹ̀ Áfíríkà ló dá lé. Ọdún 26 ti kọjá lẹ́yìn tó jáde ní IDHEC. Ibí ló ti ká mi lára jù. Mo ṣírò ọdún tèmi: tí mo bá dúró tó bẹ́ẹ̀, màá ti pé ọdún 48 kí fíìmù gígùn mi tó jáde. Bàbá mi yóò ní ìyẹn kò burú. N kò mọ ohun tí màá sọ fún un.

Ó kú sí Paris ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní ẹni ọdún 62. Ìwé rẹ̀ àti àwọn àwòrán rẹ̀ wà lónìí ní ilé ìpamọ́ fíìmù àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà. Àmì ẹ̀yẹ kan tí àwọn oníròyìn sinimá ń fún fíìmù ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù tó máa ń wáyé ní Ouagadougou, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo padà sí etí òkun, láìgbé kámẹ́rà dání. Mo bá baba tí ohùn rẹ̀ kò jáde níjọ́sí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kọ orúkọ ẹja mọ́kànlélógún sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn orí wọn. Mẹ́rin nínú wọn kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ní. Ó bi mí ìgbà tí a óò padà wá yà á, mo ní kó fún mi ní oṣù díẹ̀.

Mo ti fèsì fún ilé iṣẹ́ Lẹ́kkí náà. Mo sọ pé màá wá, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń yá òṣìṣẹ́ wọn ní máíkì lópin ọ̀sẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.